Ìbéèrè Ọmọ Wa Nípa Columbia

Ilé wa kò jìnnà sí Dallas, ní Texas. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2003, agogo mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, a ń din àkàrà lọ́wọ́, ni nǹkan dún gbòlà tí fèrèsé sì ń gbọ̀n. A rò pé táyà ọkọ̀ akẹ́rù ló bẹ́. Àṣé Columbia ni, ọkọ̀ ojú sánmà Amẹ́ríkà tó ń bọ̀ wálé, ló fọ́ lókè pẹ̀lú ènìyàn 7 nínú.

Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, bi wá léèrè: "Mọ́mì, ṣé wọn ò mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ gbóná ni?"

Wọ́n mọ̀ kẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tì níwájú kì í ráyè sá. Á fún pọ̀, á sì gbóná débi pé iwájú apá ọkọ̀ lè tó 1,650 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe egungun apá náà, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀, kò sì ní tó 700 kó tó yọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi táìlì tó lé ní 24,000 bo ara ọkọ̀. Wọ́n lè yọ táìlì yìí nínú ààrò kó ṣì máa pọ́n bí ẹyin iná, kí ènìyàn sì fi ọwọ́ lásán di etí rẹ̀ mú! Iwájú apá kọ̀ọ̀kan ní awẹ́ kábọ́ọ̀nù 22, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi dí àlàfo àárín wọn kí ooru má baà rá wọlé.

Fóòmù ló bà á jẹ́. Ọkọ̀ náà kò tíì lo ìṣẹ́jú méjì lójú ọ̀run ní ọjọ́ 16 oṣù Kíní tí fóòmù kan já lára táńkì, tó sì gbá apá òsì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ya àwòrán apá náà. Àwọn ọ̀gá kò gbà.

Ọjọ́ 7 oṣù Keje, ní San Antonio, ni wọ́n tó yin irú fóòmù bẹ́ẹ̀, tí kò wúwo tó kílò kan, lu awẹ́ kẹjọ. Ó dá ihò tó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà sí i. Ẹnu ya àwọn tó ń wò ó. Ohun tó dùn wá nìyẹn: oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú.

A sọ fún ọmọ wa. Ó lọ mú fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wá. "Eléyìí?"

A ní bẹ́ẹ̀ ni.