Ọya Nídìí Ẹwìrì

Nínú ìwé tí Apuleius, ọmọ Madauros ní ilẹ̀ Àlùjíríà òde òní, kọ ní ọ̀rúndún kejì, àsè ìgbéyàwó ni ìtàn ìfẹ́ Cupid àti Psyche parí sí. Òrìṣà ńlá àti kékeré ló ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀: Apollo ń fi dùrù kọrin, Satyr ń fọn fèrè, Venus ń jó. Vulcan alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Oúnjẹ ló ń sè. Nínú gbogbo ayẹyẹ náà, kò sẹ́ni tó ya àgbẹ̀dẹ. Ìtàn ìfẹ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àgbẹ̀dẹ gan-an ni ti Ògún àti Ọya ti bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí á ti máa sọ ọ́.

Ọya ló ń bá ọkọ rẹ̀ gbé irinṣẹ́, òun ló sì ń fi ẹwìrì fẹ́ná. Awọ ni ẹwìrì, ọ̀pá méjì ló wà lórí rẹ̀, ẹni tó jókòó tì í á máa tẹ ọ̀kan bó ti ń gbé èkejì sókè kí atẹ́gùn má baà dáwọ́ dúró. Bó bá sinmi, irin á tutù, òòlù ò ní ràn án mọ́. Ta ló tún yẹ kó wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ni ẹ̀fúùfù? Àwọn kan á ní ẹwà Ṣàngó ló borí, torí òun ni Ọya bá lọ nígbẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògún lé wọn bá, ọ̀pá irin tí Ògún fúnra rẹ̀ rọ fún un ni Ọya fi kojú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá kan ara wọn, Ògún pín sí méje, Ọya pín sí mẹ́sàn-án. Àwọn mìíràn sọ pé ọmọ mẹ́sàn-án tó bí ló sọ ọ́ di Ìyá Mẹ́sàn-án. Ìtàn méjèèjì kò sì yọ ọ́ kúrò nídìí iná.

Lónìí, láti Agége dé òpópónà Ọba Àkran ní Ìkejà, Ògún nìkan ni mẹkáníìkì àti jórinjórin ń pè, òun ni wọ́n ń pa ajá fún. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí lè ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn, àmọ́ ìtàn kì í ṣe ẹbọ. Ẹnikẹ́ni ló lè gbọ́ ọ. Bíi Ọya, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru nídìí ẹ̀rọ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkejà kì í ṣe àlejò nídìí irin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdún Ògún ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dárúkọ Ọya pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tó ṣe.