Ṣé ìwé-ẹ̀rí lórí ọjà ń mówó wọlé lóòótọ́?

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí à ń ṣiṣẹ́ àgíríìkì máa ń gbọ́ níbi gbogbo: "Ṣé ká lọ gba ìwé-ẹ̀rí? Ṣé èrè wà níbẹ̀, àbí wọ́n kàn fẹ́ jẹ owó wa?"

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí ná. Ìwé tí oníbàárà yín bá ń béèrè máa ń mówó wọlé. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, ara ògiri ló máa wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ìwé yẹn, ẹni tó bá ń ṣe é á jèrè, ìbáà ní ìwé, ìbáà má ní.

Ẹ wo Àpápá níbí. Tí ẹ bá wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun ní GRA, ẹ lè rí ISO 9001 nínú férémù lára ògiri. Ẹ wá sọdá sí Boundary, lẹ́nu Ajégúnlẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀ ò ní férémù kankan, oníbàárà wọn ò sì yà síbòmíì. Kí ló fà á? Wọn kì í po ẹ̀wà tuntun mọ́ ti ọjọ́ pípẹ́. Tí ẹ bá dá kóńgò kan padà pé kòkòrò wà níbẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Ojú tí oníbàárà fi ń rí wọn lójoojúmọ́ ni ìwé-ẹ̀rí tiwọn. Ẹni tó wà ní London ò rí wọn ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè ìwé.

Àmọ́ ìwé ò jọra o. ISO 9001, tó kọ́kọ́ jáde ní 1987, ò sọ pé ẹ̀wà yín dára. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ ní ètò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, pé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, pé ẹ sì ń tún ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ọdún 3 ló máa ń lò, wọ́n á sì máa wá yẹ̀ yín wò láàárín ẹ̀, owó sì ni. Nọ́ńbà NAFDAC ni ti oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá tàbí páálí fún títà. Ìwé tí NAQS ń fún ẹrù irè oko tó ń lọ sókè òkun, ẹrù kọ̀ọ̀kan ló ń gba tiẹ̀. Ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ ẹrù wò nìyẹn ń sọ, kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní oṣù kẹfà 2017, Lilypond níbí ni ìjọba ti ṣe ayẹyẹ gbígbé iṣu lọ sókè òkun. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé iṣu kan tó dé Amẹ́ríkà ti jẹrà.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ẹ̀wà. Ní oṣù kẹfà 2015, àjọ EU ti ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Oògùn dichlorvos ni wọ́n bá nínú ẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ni 0.01 míligíráàmù nínú kílò kan, èyí tí wọ́n bá sì jẹ́ 0.03 títí dé 4.6. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 2016, wọ́n fi ọdún 3 kún un. Ìka kan ló tọ́ epo, ó ran gbogbo yòókù. Ẹni tí ò fín oògùn rí pàápàá ò rí ẹ̀wà tà síbẹ̀ mọ́. Kò sí férémù ara ògiri tó lè gbà á, torí kò sẹ́ni tó lè fi àkọsílẹ̀ hàn pé àpò báyìí, oko báyìí ló ti wá, oògùn báyìí ni wọ́n lò.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan tí à ń bá ṣiṣẹ́ pè wá nígbà kan. Ọ̀gbẹ́ni kan ti ní kí wọ́n dá owó ISO, owó tó lè ra ẹ̀wà rẹpẹtẹ. A bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, ta ló ń rajà lọ́wọ́ yín?" Wọ́n ní alákàrà, olóúnjẹ àti ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò béèrè ISO rí. A ní kí wọ́n fi díẹ̀ nínú owó náà ra àpò tó dáa, tápólì, òṣùwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀. Ìwé yẹn ló tú àṣírí: ẹ̀wà ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń kó ọjà fún wọn ló máa ń kó kòkòrò wá jù. Wọ́n fi í sílẹ̀, àdánù sì dínkù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò wa kan tó ń di gàrí sínú ọ̀rá fẹ́ gbé e wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, a ní kó lọ gba nọ́ńbà NAFDAC kíá. Ní tiẹ̀, ìwé ni kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó:

1. Ẹ bi oníbàárà yín pé ìwé wo gan-an ló fẹ́. Kó kọ ọ́ ránṣẹ́.

2. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta: ta ló kó ọjà wá, ọjọ́ wo, oògùn wo, èló ló bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i ṣe, ẹ lè ronú ISO.

3. Ẹ má da dichlorvos tàbí ọ̀tápíápíá sí oúnjẹ. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ, tẹ́ ẹ bá fi eyín gé e, kó dún kó! Ẹ wá dì í sínú àpò PICS, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ so ó pinpin. Atẹ́gùn á tán, kòkòrò á kú, ẹ ò ná kọ́bọ̀ lórí oògùn.

4. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ gba ìwé, ẹ gbà á lẹ́gbẹ́-lẹ́gbẹ́, kí ìnáwó lè fúyẹ́.

5. Ẹni tó bá ní òun á mú ìwé wá láì wá wo ibi iṣẹ́ yín, ẹ sá fún un.

Ẹ fi tó àwọn ẹgbẹ́ yín létí. Ọjà á tà o.