Iná Oko àti Iná Ọkọ̀: Àwòrán Ilé Lójú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti lo òwe náà títí nínú àròkọ. Lónìí, ilé gan-an ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí kọ̀ǹpútà ti ń ṣàkóso rẹ̀, orúkọ tí a ó sì sọ àwọn iná àti ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ti di ọ̀ràn èdè.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń jẹ́ Home Assistant. Paulus Schoutsen, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2013. Láti ọdún 2024 ni ó ti wà lábẹ́ àjọ Open Home Foundation. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè ka àwọn àṣẹ tí a fi kọ ọ́, kí ó tún un ṣe bí ó ti wù ú. Inú ilé onílé ni ó ti ń ṣiṣẹ́, lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan, nítorí náà kò di dandan kí íntánẹ́ẹ̀tì wà kí a tó lè tan iná yàrá. (Bí iná ìjọba bá lọ ńkọ́? Ẹ bi ẹ̀rọ amúnáwá léèrè.)

Àtòkọ ni mo kọ́kọ́ fi ń lò ó: iná kan, iná kejì, ìlẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ́jísítà. Mo pe iná tó wà níbi tí a ń gbé mọ́tò sí ní "Iná ọkọ̀". Mo pe èyí tó wà lókè ebè ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ní "Iná oko". Ètò náà gba orúkọ méjèèjì bí mo ti kọ wọ́n, tàmì-tohùn, ó sì ń fi wọ́n hàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń dá orúkọ kejì fún ohun kọ̀ọ̀kan, èyí tí a fi ń kọ àṣẹ. Lẹ́tà tí kò ní àmì kankan, nọ́ńbà, àti ìlà kékeré tí ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ nìkan ni ìyẹn ń gbà. Iná ọkọ̀ di ina_oko. Nígbà tí iná oko dé, ó bá orúkọ náà lórí ẹlòmíràn, ó sì di ina_oko_2. Bí mo bá tún ní iná kan ní yàrá ọkọ, tí mo pè é ní "Iná ọkọ", ina_oko_3 ni ìyẹn ìbá dà. Ọkọ̀, oko àti ọkọ di ìbẹta tí nọ́ńbà nìkan là á fi mọ̀ yàtọ̀! Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ń sọ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. N kò rí àpẹẹrẹ tó ju èyí lọ rí.

Àwòrán ni ó yọ mí. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ ha-floorplan ń bá Home Assistant ṣiṣẹ́. Ènìyàn yóò ya ilé rẹ̀ bí ẹni tó ṣí òrùlé tí ó ń wo inú ilé láti òkè. Inkscape ni mo fi ya tèmi, ètò ìyàwòrán tí ó ti wà láti ọdún 2003. Irú fáìlì tí a ń pè ní SVG ni ó ń ṣe, èyí tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní ọdún 2001. Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ni ó wà nínú fáìlì náà, ohun kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán sì ní orúkọ ìdánimọ̀ tirẹ̀. A ó wá kọ òfin sínú fáìlì mìíràn: gílóòbù inú àwòrán yìí, ina_oko_2 ni ó dúró fún, bí iná bá tàn, kí ó pọ́n bí ọsàn, bí ó bá kú, kí ó dúdú, bí ẹnìkan bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí iná tòótọ́ tàn tàbí kí ó kú.

Ìyá mi, tí wọn kò kàwé púpọ̀, dúró níwájú tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo gbé kọ́ ògiri, wọ́n sì mọ ilé náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí yàrá tiwọn, wọ́n tẹ iná, ó tàn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé, "Ẹ̀yìnkùlé dà? Níbo ni mo ti ń já ẹ̀fọ́?" Àwòrán tí ayàwòrán ilé ṣe fún wa, tí mo dà kọ, kò kọjá ògiri. Ìgbà wo ni ilé Yorùbá parí sí ara ògiri? Mo ya ẹ̀yìnkùlé, mo ya ebè mẹ́ta, mo sì fi iná oko síbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún bèèrè pé oko wo ni.

Mo kọ orúkọ sára yàrá kọ̀ọ̀kan: ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹ̀wù, ilé ìdáná. Èyí gba sùúrù. Nínú Unicode, ọ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ń fi àmì ohùn lé e lórí, àwọn fọ́ǹtì kan a sì máa ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dán oríṣiríṣi wò kí n tó rí èyí tí kò dójú tini. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí ló dé tí n kò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ẹ̀rọ ṣá ni. N kò gbà. Inú ìwé ìdánwò nìkan ni àwọn ọmọ mi ti ń pàdé "ìyẹ̀wù" tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ àná, àbígbẹ̀yìn ké láti yàrá pé, "Bàbá, mo ti pa iná ìyẹ̀wù."

Ètò náà gbà kí a pààrọ̀ orúkọ ìdánimọ̀ wọ̀nyí fúnra wa. Mo ti sọ ina_oko_2 di ina_ebe, mo sì tún òfin inú àwòrán kọ kí ó lè bá a mu. Ti ọkọ̀ ṣì ń jẹ́ ina_oko. Ina_moto ni mo ń rò, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ọkọ̀ ni àwọn mọ̀ ọ́n sí.