Orúkọ Ta Ni Ọkọ̀ Náà Ń Jẹ́?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Yorùbá kì í sọ ọmọ ní Tòkunbọ̀ lásán: ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a sì gbé padà wá sílé, ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ ìtàn kan. Ó mọ̀ pé ọmọ yìí ti rí ilẹ̀ mìíràn kí ó tó rí ti bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kún ojú pópó Nàìjíríà, àwọn ènìyàn kò wá orúkọ mìíràn fún un. Tòkunbọ̀ náà ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ náà sì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford fi gbà á wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2020.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ọmọ tí ń jẹ́ Tòkunbọ̀ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ti wá. Ọkọ̀ kò lè sọ̀rọ̀; ìwé ni ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ láìgba ìwé rẹ̀ ti ra ohun tí kò lè jẹ́rìí fún un.

Ẹni tí ó bá gba Ring Road lọ sí Challenge yóò rí ọkọ̀ tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì fún títà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò jọra. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté Kútọnu ni púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì ń gba Sẹ̀mẹ̀ àti Bàdágìrì wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Wọ́n ní èbúté omi nìkan ni kí ó máa gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó tún ṣí Sẹ̀mẹ̀, ṣíṣí yẹn kò sì mú òfin tí ó de ọkọ̀ kúrò. Ìdí nìyí tí ìwé owó ibodè fi ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé lè bọ́ sọ́wọ́ aṣọ́bodè, ẹni tí ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò pàdánù, kì í ṣe ẹni tí ó tà á.

Ọkọ̀ a sì máa ru orúkọ tirẹ̀ sára. Lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, àti lára férémù ilẹ̀kùn, ni a ti sábà máa ń rí nọ́ńbà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ńbà ṣasí. Láti ọdún 1981 ni Amẹ́ríkà ti ní kí nọ́ńbà yìí jẹ́ àmì 17 gééré. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: J ni Japan, W ni Jámánì, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà. Lára ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 5 dúró fún 2005, B dúró fún 2011. Bí ẹni tí ń tà á bá ní ọkọ̀ 2011 ni, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 5, àṣírí ti tú nìyẹn. Bí nọ́ńbà ara ọkọ̀ kò bá sì bá ti inú ìwé mu, kí a má ṣe ná an mọ́.

Olùkọ́ kan wà ní Agbowó tí ojú rẹ̀ rí nǹkan kí ọ̀rọ̀ ìwé tó yé e. Ó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkẹjà, tí kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, tí ó kàn fẹ́ dín ìnáwó kù lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Bàbá náà kọ rìsíìtì ní ẹ̀dà méjì, ó fún un ní ọ̀kan, ó ní: "Tíṣà, tètè lọ yọ orúkọ mi kúrò lára rẹ̀ o. Bí ọkọ̀ yìí bá ṣe nǹkan, èmi ni wọn yóò wá wá."

Olùkọ́ ní: "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni."

Ó gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn dé ilé tayọ̀tayọ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún méjì. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń bẹ níwájú, òrùlé ń jò, ọkọ̀ sì ń rìn. Kí ni ìwé fẹ́ ṣe? Ó tilẹ̀ ń tún láísẹ́ǹsì gbà lọ́dọọdún, ní orúkọ bàbá Ìkẹjà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní Dùgbẹ̀, ó jáde ní báńkì, kò bá ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọlọ́pàá rí i ní ìlú mìíràn. Ayọ̀ ńlá ni, títí wọ́n fi ní kí ẹni tí ó ni ín wá. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, ó gbé láísẹ́ǹsì kalẹ̀. Ọlọ́pàá wo ìwé, ó wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó bi í pé: "Ṣé ìwọ ni ẹni yìí?" Ó padà wá tú ilé fún rìsíìtì, òjò tí ó gba òrùlé wọlé ti bà á jẹ́. Nọ́ńbà fóònù bàbá náà kò lọ mọ́. Nígbà tí ó dé Ìkẹjà, ìyàwó bàbá náà ni ó bá, nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Bàbá ti kú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Ìyá yìí ni ó yọ ọ́. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé fáìlì kan jáde. Ẹ̀dà rìsíìtì kejì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ olùkọ́, nọ́ńbà ṣasí àti ọjọ́ títà, gbogbo rẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá náà. Ìyá ní: "Dádì ní ẹ ó padà wá lọ́jọ́ kan." Olùkọ́ kò rí èsì fún un. Ìwé pélébé yẹn, àti ìbúra tí ìyá bá a ṣe ní ilé ẹjọ́, ni ó mú ọkọ̀ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó tà ni ó ṣe ojúṣe tirẹ̀ pé. Ó mọ̀ pé orúkọ òun wà nínú ewu. Bí ọkọ̀ tí a ti tà bá pa ènìyàn, tàbí bí ọlọ́ṣà bá gbé e rìn, orúkọ ẹni tí ó tà á ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ lára ọkọ̀ tí òun ti rà ń rìn kiri pẹ̀lú orúkọ tí wọn kò yá a.

Ètò ojú pópó kò ṣàjèjì sí agbègbè yìí. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú akitiyan Wọlé Ṣóyínká; nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. FRSC ni ó gbé irú nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 kalẹ̀: lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìjọba ìbílẹ̀. KJA ni Ìkẹjà. BDJ ni Àríwá Ìbàdàn, níbi tí Bódìjà àti Agbowó wà. Nọ́ńbà Èkó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní Ìbàdàn. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé nọ́ńbà náà ni ó yẹ kí ó jẹ́ ti ẹni tí ó ni ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn yóò kó ìwé àtijọ́ jọ: ìwé ẹ̀rí pé ẹni tí ń tà á ni ó ni ín, ìwé owó ibodè, láísẹ́ǹsì, àti rìsíìtì tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Yóò ṣe ìbúra ní ilé ẹjọ́. Yóò wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, kí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n sì tẹ ìwé tuntun ní orúkọ tirẹ̀. Ìwé adójútòfò náà gbọdọ̀ wà ní orúkọ yìí. Èyí tí ó kéré jù lọ, tí ń gbèjà ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe, kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023. Owó ìjọba, àpò ìjọba ni kí a san án sí, kí a sì gba rìsíìtì rẹ̀.

Ohun tí ó bá bàjẹ́ lára ọkọ̀, a lè rí i rà ní Arárọ̀mí ní Gate. Ìwé tí ó sọnù kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná ọkọ̀, tí wọn kì í fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ka ìwé rẹ̀. Àwọn àgbà kì í gbé ìyàwó láìṣe ìwádìí ìdílé. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ náà béèrè bẹ́ẹ̀: níbo ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀nà wo ni ó gbà wọlé, orúkọ ta ni ó ń jẹ́? Bí ìwé bá dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó san owó. Kí ó sì yí orúkọ náà padà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.