Kí Ni Yóò Dá A Dúró?

Bí èèyàn bá ti lè sọ pé òun ń tún píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan kọ́ ní gáréèjì ilé òun, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ẹ́ńjìnnì wo lo fẹ́ gbé sí i? Báwo ni yóò ṣe sáré tó?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ eré ló máa ń dùn láwùjọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi pé ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni èyí tí wọn kì í sábà bèèrè: kí ni yóò dá a dúró? Ẹni tí kò bá tíì rí ìdáhùn sí i, kó má tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Chevrolet 3100 ti ọdún 1953 ni tèmi. Ó wà ní gáréèjì wa ní Houston, níbi tó yẹ kí ọkọ̀ ìyàwó mi máa sùn. Ó wà lára ọ̀wọ́ tí ilé iṣẹ́ Chevrolet pè ní Advance-Design. Oṣù Kẹfà ọdún 1947 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ti kásẹ̀ ńlẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò Amẹ́ríkà ń wá ọkọ̀ tuntun lójú méjèèjì; wọ́n sì ń ṣe é títí wọ inú 1955. Ti 1953 ló kẹ́yìn nínú àwọn tí gíláàsì iwájú wọn pín sí méjì. Irin gbọọrọ márùn-ún ló dábùú iwájú rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga, ó sì ṣe róbótó. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé jẹ́ onísìlíńdà mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan, ó tó nǹkan bíi lítà 3.5, agbára rẹ̀ sì jẹ́ bíi ti ẹṣin 92. Bátìrì fóólítì 6 ló ń lò. Ẹsẹ̀ ni awakọ̀ fi ń tẹ sítátà mọ́lẹ̀. Táńkì epo rẹ̀ wà nínú ibi tí awakọ̀ ń jókòó gan-an, lẹ́yìn àga, débi pé bẹntiróòlù ni ẹni tó ń wà á fẹ̀yìn tì. Bẹ́líìtì ìjókòó kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọmọ Yorùbá tó bá mọ bọ̀lẹ̀kájà kò ní wo ọkọ̀ yìí bí àjèjì. Púpọ̀ nínú bọ̀lẹ̀kájà ayé àtijọ́ ló jẹ́ Bedford, ìbátan Chevrolet sì ni Bedford. General Motors tó ni Chevrolet ló ra Vauxhall ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925. Ọkọ̀ ẹrù Chevrolet ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bedford ní 1931. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ṣáàsì, ẹ́ńjìnnì àti iwájú ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ìjókòó gbọọrọ sí i, tí akunlé sì ń kọ òwe àti àdúrà sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi káfíńtà léèrè pé ta ló fún un láṣẹ láti tún iṣẹ́ òyìnbó ṣe. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbí bá ń sọ bí àwọn ọ̀dọ́ California ṣe ń tú ọkọ̀ palẹ̀, tí wọ́n ń tún un tò bó ṣe wù wọ́n, títí tí ìwé ìròyìn Hot Rod fi jáde ní Los Angeles ní oṣù Kìíní 1948, mo máa ń tẹ́tí, mo sì máa ń fi ìtàn tiwa kún un.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ pín sí. Àwọn kan fẹ́ kó padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́. Wọ́n á wá bóòtù ìgbà náà gan-an kiri títí ẹsẹ̀ wọn á fi wú. Àwọn kejì fẹ́ kí ojú rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, kí inú rẹ̀ jẹ́ ti òde òní. Òfin ìpínlẹ̀ Texas pàápàá mọ ìyàtọ̀ náà. Nọ́ńbà wà fún ọkọ̀ tó ti pé ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a tọ́jú fún òde àfihàn, ìwọ́de àti irú wọn, tí kì í ṣe fún wọlé-wọ̀de ojoojúmọ́. Nọ́ńbà mìíràn sì wà fún èyí tí ẹni tó ni ín ti yí padà. Ọ̀nà kejì ni mo tọ̀. Mo fẹ́ máa gbé e lọ sọ́jà, kí n fi kó iṣu àti pákó, kí n sì bá àwọn ọkọ̀ yòókù rìn lójú títì márosẹ̀.

Kí a tó dé orí ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ irin tó dógùn-ún wà ńlẹ̀. Oko ni ọkọ̀ yìí ti wá. Abẹ́ igi ni wọ́n fi sílẹ̀ sí, ewé ń já bọ́ lé e, òjò ń rọ̀ sórí ewé. Bí a bá wò ó lókèèrè, ara rẹ̀ le dáadáa. Mo mú súkúrúdíráfà, mo fi ìdí rẹ̀ kan igun ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn awakọ̀. Dípò kí irin dún gbàn-án, ó dún pòò. Mo yí súkúrúdíráfà náà, mo fi ẹnu rẹ̀ tì í díẹ̀. Ó wọlé láìjanpata, ìyẹ̀fun pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí mi lọ́wọ́. Igun yẹn ni omi àti ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ yìí. Ẹnì kan ti rẹ́ ẹ láyé ijọ́hun, ó kun ọ̀dà lé e, ó lọ. Pánẹ́ẹ̀lì bítà tó bá mọṣẹ́ kì í lẹ nǹkan mọ́ irin tó ti jẹrà. Ńṣe ló máa ń gé e kúrò títí yóò fi kan èyí tó dá ṣáká, kó tó jó irin tuntun mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìsinmi mi ló bá ibẹ̀ lọ. Kò sí àlejò tó kí mi kú iṣẹ́ fún un, torí bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dára tán, ojú kì í rí i.

Ẹ́ńjìnnì wá kàn. Èyí tí mo rí ni V8 Chevrolet tí wọ́n ń pè ní 350, oní lítà 5.7, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọjà ní 1967. Ẹ̀yà rẹ̀ kò wọ́n ní Amẹ́ríkà. Òun nìkan ni mo rò pé mo fẹ́ gbé wọlé, àṣé ó ní èrò lẹ́yìn. Gíà àtijọ́ kò lè gba agbára rẹ̀, ó di dandan kí gíà pààrọ̀. Ṣáfùtì ìgbà náà kì í wà ní gbangba. Inú ọ̀pá irin kan ló ń yí sí, ọ̀pá náà ló sì ń ti ọkọ̀ síwájú. Bí gíà bá ti pààrọ̀, ọ̀pá kò wúlò mọ́. Bí ọ̀pá bá lọ, ásù ẹ̀yìn bá a lọ. Ìyẹn gan-an kò dùn mí, nítorí iṣẹ́ oko ni wọ́n ṣe ásù yẹn fún: ṣáfùtì á yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì á sì máa ké tòò bó bá dé ojú títì tó gba eré. Ẹ́ńjìnnì ńlá ń gbóná, rédíétọ̀ pààrọ̀. Fóólítì 6 kò tó o, ó di 12, ni gílóòbù àti mítà bá pààrọ̀. Wáyà àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé ń rún sí rẹwáyà lọ́wọ́, òun náà kógbá wọlé. Táńkì bọ́ sí abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, láàárín ṣáàsì. Níwájú, odidi irin ìdábùú kan ló so táyà méjèèjì pọ̀. Mo yọ ọ́, mo fi irú ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ Mustang II tí Ford ṣe láàárín 1974 sí 1978 dípò rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ford lábẹ́ Chevrolet! Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì ti ń bá ara wọn du ọjà tipẹ́, ṣùgbọ́n gáréèjì kò mọ ìjà wọn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti sọ ọ́ di àṣà, torí kò gba àyè púpọ̀, ó sì ń mú sítíárìn rọ̀ lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀, kò sí ohun tó ń dá pààrọ̀.

Bíréèkì ló wá ga jù. Ti àtijọ́ jẹ́ oní-dúrọ́ọ̀mù ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, másítà kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ló sì ń ti epo sí gbogbo wọn. Bí páìpù kan bá bẹ́ níbikíbi, epo dà nù nìyẹn, ẹsẹ̀ awakọ̀ kanlẹ̀, kò sí ìjánu mọ́. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni òfin Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún ọkọ̀ tuntun kí ètò náà pín sí méjì, kí iwájú má bàa bá ẹ̀yìn kú. Oníméjì ni mo gbé sí i, pẹ̀lú dísìkì níwájú.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin ló jókòó sídìí sítíárìn. Èmi wà nílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, sípánà lọ́wọ́, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi inú hàn ti ẹnu súkúrú bíréèkì wọ inú ìgò kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, tó jìnnà sí másítà jù, ni a fi bẹ̀rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Dádì."

"Dì í mú, má gbẹ́sẹ̀ o."

Mo tú súkúrú díẹ̀. Epo tú jáde, ó gbé ìfòòfó dání. Mo dè é padà.

"Ó yá, gbẹ́sẹ̀."

A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra. Ara ọmọ náà kò balẹ̀. "Dádì, ṣé ẹ ò kàn lè jẹ́ ká sítáàtì ẹ̀ ná?" Mo ní bí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́, ilé wa la máa jókòó sí; bí bíréèkì ò bá ṣiṣẹ́, ilé onílé la máa wọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, epo tó ń gba inú rọ́bà kò ní ìfòòfó kankan mọ́. "Ó ti le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi," ló wí, kí n tó bi í.

Ìtàn àti àṣà ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn, nítorí náà èrò mi kì í pẹ́ jáde kúrò ní gáréèjì. Orin jùjú ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láyé Túndé King ní Èkó àwọn ọdún 1930, èèyàn díẹ̀ ti tó: ohun èlò olókùn bíi báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú àti ohùn. Ìlù ńlá kò rọrùn láti mú wọ ibẹ̀, yóò bo ohùn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun, gìtá oníná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé. Bí ohùn ti rinlẹ̀ sí i, àyè ṣí fún gángan. Bí gángan ti wọlé, onílù pọ̀ sí i, ẹlẹ́gbè pọ̀ sí i. Nígbà tí yóò fi kan I.K. Dáíró àti Ebenezer Obey, agbo kékeré ti di ẹgbẹ́ ńlá. Jùjú kò bàjẹ́, nítorí pé àwọn tó tún un ṣe gbọ́ ohun tí ìyípadà àkọ́kọ́ ń bèèrè, wọ́n sì dá a lóhùn. Ká ní wọ́n gbé gìtá oníná sí i ni, tí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, gìtá nìkan là bá máa gbọ́.

Kì í ṣe ibi gbogbo la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lókè òkun tó gbé ètò ìdìbò wọ ibi tí àgbà ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu darí tẹ́lẹ̀. Wọ́n dìbò yan alága pẹ̀lú ariwo ayọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan nínú òfin wọn tó sọ bí a ṣe ń yọ alága tó bá ṣìwà hù. Ẹ́ńjìnnì ti di tuntun, bíréèkì ṣì jẹ́ ti ìgbà tí ojú àgbà nìkan ti tó mú èèyàn jókòó. Ẹni tó ní ká má fọwọ́ kan ohun àtijọ́ gbàgbé pé irin tí a kò lò ló ń dógùn-ún jù. Ẹni tó sì ń ki agbára tuntun bọ ara àtijọ́ láìro ìjánu, jàǹbá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Ohun tí mi ò yí náà wà. Irin márùn-ún iwájú ṣì wà níbẹ̀, gíláàsì onípín méjì ṣì wà níbẹ̀, pákó tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ là láàárín ṣì ni ilẹ̀ ibi ìkẹ́rù. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n kùn ún ní pupa tó ń dán. Mo kọ̀. Lórí etí fèrèsé awakọ̀, ibì kan wà tí ọ̀dà ti ṣí kúrò pátápátá, tí irin ibẹ̀ ń kọ mọ̀nà: ibi tí àwọn tó wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń gbé ìgúnpá lé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ọ̀dà aláìláwọ̀ bò ó kó má bàa dógùn-ún, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù báyìí kò sí lára ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó jáde ní ilé iṣẹ́ ló ní ìwé rẹ̀. Mẹkáníìkì á ṣí i, á rí ohun tó ń wá. Tèmi kò ní. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níbẹ̀, bí ọmọ mi bá lọ ra páàdì bíréèkì, tó ní Chevrolet 1953 ni, kò sí ohun tí wọ́n máa tà fún un tó máa wọ ẹsẹ̀ Ford. Nítorí náà mo ń kọ ìwé náà fúnra mi: inú ọkọ̀ wo ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti wá, àwọ̀ wáyà àti ibi tó gbà, ohun tí mo gé, ohun tí mo jó, àti ìdí rẹ̀. Bíréèkì ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo gbà pé ìran kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ láti tún ohun tó bá láyé ṣe. Ohun tí kò sí láṣẹ wa ni pé kí a tún un ṣe tán, kí a má sì sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ohun tí a ṣe àti ìdí tí a fi ṣe é.