Core Mélòó Ló Tó Wa?

Àwa mẹ́rin la jọ ń dá owó láti pààrọ̀ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà ní yàrá wa, ká lè fi ṣe project àṣekágbá. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ni àhesọ bá gbòde: wọ́n ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí AMD ń gbé bọ̀ máa ní core 24. Ryzen 9 9950X tó jáde lọ́dún 2024, 16 ló ní. Ni àwọn kan nínú wa bá ní ká dúró.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ogún èèyàn lè jọ bó ẹ̀gẹ́, kó tètè tán. Ṣùgbọ́n tó bá di gàrí yíyan, tí agbada sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹnì kan ló máa yan án. Gene Amdahl ti sọ ọ́ lọ́dún 1967: bí ìdajì iṣẹ́ kò bá ṣeé pín, kò sí iye core tó lè mú un yá ju ìlọ́po méjì lọ. Rẹ́ńdà àwòrán 3D ṣeé pín. Yíya àwòrán náà gan-an, tó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ wa, core kan ló sábà máa ń gbára lé.

Iná ńkọ́? 170 wọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ sí 9950X. Ryzen 5 7600 tó ní core 6, 65 ni. Ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ibi tá a fẹnu kò sí nìyí: motherboard AM5 àti 7600. Bí àhesọ bá di òótọ́, tó sì bá AM5 mu, ọpọlọ nìkan la máa pààrọ̀. Ọjọ́ tá a máa fi project sílẹ̀ kò ní dúró de AMD.