Olè Tó Gbé Fóònù

Àwọn àgbà a máa bèèrè pé, olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ayé ti yí o. Olè tó gbé fóònù lóde òní kì í wá ibi tí yóò ti fọn ọ́n. Kí ẹni tó ni ín tó délé, ó ti fọn ọ́n tán, owó sì ti lọ.

Nígbà tí fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ẹni tí wọ́n bá jí tiẹ̀ ń sunkún fóònù lásán ni. Lónìí, inú ẹ̀ ni àpò owó wà, inú ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tọkọtaya wà.

Obìnrin kan ń gba àjọ ládùúgbò wa, Ìyá Alájọ là ń pè é. Kò jẹ owó olówó rí. Wọ́n yọ fóònù ẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà kan. Ó ti fóònù náà pa o, ìka ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń ṣí i. Àmọ́ kí lolè fẹ́ fi fóònù ṣe? Káàdì síìmù ló yọ, ó kì í bọ inú fóònù tiẹ̀, ó sọ fún ẹ̀rọ bánǹkì pé òun gbàgbé nọ́ńbà àṣírí òun, ọ̀dọ̀ olè yìí náà ni ẹ̀rọ sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí. Kílẹ̀ tó mọ́, owó èèyàn mẹ́tàlélógún ti fò lọ.

“Ìyá,” mo ní, “ṣé ẹ ti pe bánǹkì?”

“Ọmọ mi, fóònù wo ni kí n fi pè wọ́n?”

Ó ta fíríìsà tó fi ń ta omi tútù, ó fi san díẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan ń wí lábẹ́lẹ̀ pé ó mọ̀ nípa ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń sáré lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, pé kó fi oògùn kòkòrò sí tàwọn. Òwò ńlá ni òwò yìí ojàre. Ní 2004 ni kòkòrò fóònù kan tó ń jẹ́ Cabir jáde. Ojú ọ̀nà Bluetooth ló ń gbà, kò sì ṣe ju pé ó ń jẹ bátìrì lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi rí i pé owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà yìí lójú méjì. Bí àwọn kan ṣe ń ta àgádágodo, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ń ra ọgbọ́n tí a fi ń já a. Ní 2019, iléeṣẹ́ Zerodium kéde pé òun yóò san tó mílíọ̀nù 2.5 owó dọ́là fún ẹni tó bá mú ọ̀nà wá láti wọ fóònù Android láìjẹ́ pé olóhun fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ gbọ́ ná, ta ni yóò ná irú owó yẹn nítorí àjọ Ìyá?

Ohun tí ì bá gbà á kò tó kọ́bọ̀: nọ́ńbà tí a fi ń ti káàdì síìmù fúnra ẹ̀. Ibi ètò ààbò nínú fóònù ló wà. Tí olè bá ki káàdì bẹ́ẹ̀ bọ fóònù mìíràn, yóò bi í ní nọ́ńbà. Tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tì pa nìyẹn, àfi tó bá mú nọ́ńbà PUK ẹlẹ́yọ mẹ́jọ wá. Àmọ́ ẹ má méfò o! Ẹ kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà tó wà lórí káàdì yín tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni ín, kẹ́ ẹ tó yí i padà.

Mo bi ọmọkùnrin yẹn pé kí ló dé tí kì í sọ èyí fáwọn oníbàárà ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, èló ni n ó gbà lórí ìyẹn?” Mi ò bá a wí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwọn bánǹkì ni mo ń bá wí. Wọn kì í gbàgbé láti kí mi kú ọjọ́ ìbí lórí fóònù, àmọ́ wọn ò fi ọ̀rọ̀ síìmù yìí ránṣẹ́ sí mi rí.

Ìyá Alájọ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ti bá a ti síìmù pa, ó sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá owó dúró ní bánǹkì sí ẹ̀yìn ìwé àjọ, kó lè fi fóònù ẹlòmíràn pè é. Nínú àwọn mẹ́tàlélógún, méjìlá ló padà.